Ta Ló Pa Á, Ta Ló Kọrin? Fíìmù Jawani Ki Hawa àti Obìnrin Tó Ṣe Orin Rẹ̀



Ìtàn ìpànìyàn ni mo gbé wá lónìí. Inú fíìmù ló ti ṣẹlẹ̀, fíìmù tí wọ́n ṣe ní ìlú Bombay, ní ilẹ̀ Íńdíà, ní ọdún 1935. Jawani Ki Hawa ni wọ́n sọ ọ́. Èdè Hindustani ni àwọn òṣèré inú rẹ̀ ń sọ, ó sì wà lára àwọn fíìmù ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó kọ́kọ́ jáde ní èdè náà.

Ẹni tó bá jókòó ti irú ìtàn bẹ́ẹ̀, ohun kan ló ń wá: ta ló pa á? Tí wọ́n bá ti tú àṣírí náà tán, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn, kálukú á dìde, á gba ilé rẹ̀ lọ. Àmọ́ Jawani Ki Hawa dá ìbéèrè kejì sílẹ̀, èyí tí òpin fíìmù kò lè dáhùn: ta ló kọrin? Ìbéèrè yìí wà nílẹ̀ ní Íńdíà fún nǹkan bí ọdún 24 kó tó rí ìdáhùn tó kún ojú òṣùwọ̀n. Òun ni mo fẹ́ kí a jọ tọ ipasẹ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ rédíò wà nínú ìtàn náà ní ìbẹ̀rẹ̀, ó sì tún wà níbẹ̀ nígbà tí àṣírí máa tú.

(Ohùn sitar fún ìṣẹ́jú díẹ̀.)

Ká tó wọ ọkọ̀ ojú irin tí ìpànìyàn náà ti wáyé, ẹ jẹ́ ká wo bí ọ̀rọ̀ fíìmù ṣe rí ní Íńdíà lásìkò náà.

Ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 1931 ni fíìmù àkọ́kọ́ tó ń sọ̀rọ̀ jáde ní ilẹ̀ náà. Alam Ara ni orúkọ rẹ̀, Ardeshir Irani ló ṣe é, ilé sinimá Majestic ní Bombay ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi í hàn. Kó tó dìgbà náà, àwòrán nìkan ni àwọn ènìyàn ń wò lójú aṣọ funfun. Ètè òṣèré á máa mì, etí ò ní gbọ́ nǹkan kan lẹ́nu rẹ̀. Alam Ara sọ̀rọ̀, ó sì tún kọrin: orin 7 ló wà nínú rẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọdún 1932, fíìmù mìíràn tó ń jẹ́ Indra Sabha jáde, orin inú rẹ̀ sì tó nǹkan bí 70. Mo tún un sọ, kí ó lè yé wa: orin bí 70 nínú fíìmù kan ṣoṣo.

Orí ìtàgé ni ìfẹ́ orin yìí ti wá. Láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni àwọn ẹgbẹ́ eléré tí àwọn Parsi dá sílẹ̀ ní Bombay ti ń káàkiri Íńdíà, tí wọ́n ń ṣe eré tí orin pọ̀ nínú rẹ̀ bí ọ̀rọ̀ ẹnu. Ẹni tó sanwó wọlé, orin ló wá gbọ́. Nígbà tí fíìmù wá lóhùn, àwọn tó ń ṣe é kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tí èrò fẹ́ lórí ìtàgé ni wọ́n gbé síbẹ̀.

Èdè Hindustani náà ní ìdí tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ ilẹ̀ Bombay, Marathi tàbí Gujarati ni èdè abínibí wọn. Hindustani ni èdè tí ẹlẹ́sìn Híńdù àti Mùsùlùmí jọ ń sọ ní ọjà àti ní ìgboro ní apá àríwá Íńdíà; ohun tí a mọ̀ sí Hindi àti Urdu pàdé nínú rẹ̀. Fíìmù tí wọ́n bá fi èdè yìí ṣe lè tà láti Lahore dé Calcutta. Orin sì ń ràn án lọ́wọ́, torí ẹni tí kò gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ ẹnu òṣèré á ṣì gbé ohùn orin náà délé.

Ibẹ̀ ni ilé iṣẹ́ Bombay Talkies ti wọ inú ìtàn. Tọkọtaya kan ló dá a sílẹ̀ ní ọdún 1934, ní Malad, lẹ́yìn ìlú Bombay. Ọkọ ni Himanshu Rai, ọmọ Bengal tó ti bá àwọn ará Jámánì ṣe fíìmù aláìlóhùn 3: Prem Sanyas ní 1925, Shiraz ní 1928, àti Prapancha Pash ní 1929. Aya ni Devika Rani, ìbátan akéwì Rabindranath Tagore, tó kàwé ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn méjèèjì ti rí bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ ní sítúdíò Jámánì, wọ́n sì pinnu pé irú ètò bẹ́ẹ̀ ló yẹ Íńdíà. Wọ́n ta ìpín ìdókòwò fún àwọn ọlọ́rọ̀ Bombay, wọ́n kọ́ sítúdíò, wọ́n sì kó àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n iṣẹ́ wá láti òkèèrè. Franz Osten, ará Jámánì, ni olùdarí. Josef Wirsching, ará Jámánì bákan náà, ló di kámẹ́rà mú. Niranjan Pal ló ń kọ ìtàn. Osten tó ń darí eré kò gbọ́ Hindustani, ojú àti ara òṣèré ló ń wò, àwọn tó gbédè ló ń bá a ṣọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu.

Jawani Ki Hawa ni fíìmù àkọ́kọ́ tí ilé iṣẹ́ tuntun yìí gbé jáde. Ẹ gbọ́ ìtàn inú rẹ̀ ní ṣókí. Kamala, tí Devika Rani ṣe, fẹ́ràn Ratanlal, ọmọkùnrin tí wọ́n ti jọ mọ ara wọn láti kékeré. Najmul Hussain ló ṣe Ratanlal. Bàbá Kamala, Maganlal, ti yan ọkọ mìíràn fún un. Nígbà tí ìgbéyàwó dé tán, Kamala bá Ratanlal sá lọ, wọ́n wọ ọkọ̀ ojú irin. Bàbá gbọ́, inú bí i, ó sá tẹ̀ lé wọn. Inú ọkọ̀ yẹn ni ìpànìyàn ti ṣẹlẹ̀, inú rẹ̀ náà sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú fíìmù ti wáyé.

Ọkọ̀ ojú irin kì í ṣe ibi tí wọ́n ṣàdédé yàn. Láti ọdún 1853 tí ọkọ̀ akérò àkọ́kọ́ ti ná Bombay sí Thane ni ojú irin ti di ohun tó so ilẹ̀ Íńdíà pọ̀. Olówó àti tálákà ń wọ̀ ọ́, ẹlẹ́sìn kan ń jókòó ti ẹlẹ́sìn mìíràn, àjèjì ń fara kan àjèjì. Ọmọbìnrin tó bá fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, ibẹ̀ ló máa sá gbà. Ẹni tó ń kọ ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ náà sì mọ iyì rẹ̀: bí ọkọ̀ bá ti gbéra, kò sẹ́ni tó lè wọlé, kò sẹ́ni tó lè jáde, apànìyàn wà láàárín àwọn tó wà níjòókòó. Ní ọdún tó ṣáájú fíìmù yìí, 1934, ni Agatha Christie, obìnrin òǹkọ̀wé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé ìwé rẹ̀ jáde lórí ìpànìyàn inú ọkọ̀ ojú irin. Irú ìtàn bẹ́ẹ̀ gbòde lásìkò náà.

Wàhálà kan wà níbẹ̀ o. Ìtàn ìpànìyàn fẹ́ kí nǹkan máa yára. Ó fẹ́ kí olùwòran máa ṣọ́ ojú, ṣọ́ ọwọ́, kó máa fura. Orin ní tirẹ̀ ń dá nǹkan dúró. Tí òṣèré bá bẹ̀rẹ̀ orin, ọ̀rọ̀ ẹni tó kú á sún sẹ́yìn díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí fíìmù tó lè jáde ní Bombay nígbà náà láìsí orin. Ẹni tí wọ́n bá fún ní irú iṣẹ́ yìí ní láti mọ ibi tí orin yóò bọ́ sí tí kò ní ba ìfura jẹ́.

Wàhálà kejì le ju ìyẹn lọ. Ẹ fojú inú wò ó: kámẹ́rà ń yí, máìkì ń gba ohùn lẹ́ẹ̀kan náà. Òṣèré ń rìn, ó ń ṣe ojú, ó sì ń fi ohùn ara rẹ̀ kọrin. Àwọn onílù àti àwọn tó ń ta sitar gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn kí máìkì lè gbọ́ wọn, síbẹ̀ kámẹ́rà kò gbọ́dọ̀ rí wọn. Ẹ̀yìn igi, ẹ̀yìn àga, ibikíbi tí ojú kámẹ́rà kò dé ni wọ́n ń lúgọ sí. Bí ẹnìkan bá húkọ́ pẹ́nrẹ́n, gbogbo rẹ̀ di àtúnṣe. Bí òṣèré kò bá sì mọ orin kọ, kò sọ́nà àbáyọ. Ẹlẹ́wà tí kò lóhùn àti olóhùn tí kò lẹ́wà, ìyà ń jẹ àwọn méjèèjì.

(Ohùn sitar àti ìlù tabla fún ìṣẹ́jú díẹ̀.)

Ta ni Bombay Talkies wá gbé iṣẹ́ yìí lé lọ́wọ́? Obìnrin ni. Khorshed Minocher-Homji lorúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́. Ọdún 1912 ni wọ́n bí i, sínú ìdílé Parsi. Àwọn Parsi ni ìran ẹlẹ́sìn Zoroaster tó ṣí kúrò ní Páṣíà wá sí etí òkun Gujarat ní ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Wọn kò pọ̀ níye, ṣùgbọ́n wọ́n rí ṣe ní Bombay, wọ́n kàwé, wọ́n sì lówó.

Khorshed fẹ́ orin láti kékeré. Ó kọ́ orin àbáláyé apá àríwá Íńdíà lọ́dọ̀ Vishnu Narayan Bhatkhande, àgbà ọ̀mọ̀wé tó fi ọdún púpọ̀ kó àwọn rágà jọ, tó tò wọ́n sí ìsọ̀rí 10, tó sì kọ wọ́n sínú ìwé kí wọ́n má baà parun. Ó tún lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì orin tí Bhatkhande dá sílẹ̀ ní Lucknow. Fún àwọn olùgbọ́ tí kò mọ ohun tí rágà jẹ́: ọ̀nà ohùn ni. Ohùn tó gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀ wà, ohùn tí kò gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́ wà, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ní àkókò tiwọn. Ọ̀kan wà fún àfẹ̀mọ́júmọ́, ọ̀kan wà fún òru, òmíràn wà fún ìgbà òjò.

Rédíò ló kọ́kọ́ sọ ọ́ di olókìkí. Ọdún 1927 ni ilé iṣẹ́ rédíò bẹ̀rẹ̀ ní Bombay, Khorshed àti àwọn arábìnrin rẹ̀ sì ń kọrin níbẹ̀, wọ́n ń ta sitar àti dilruba, wọ́n ń tẹ dùùrù. Orúkọ tí àwọn olùgbọ́ fi mọ̀ wọ́n ni Homji Sisters. Ohùn wọn ń wọ ilé àwọn ènìyàn, ojú wọn kò dé ibẹ̀. Ìyẹn kò bí àwọn àgbà Parsi nínú rárá. Ọmọ ilé rere lè kọrin lórí rédíò, kò sẹ́ni tó ń wò ó.

Himanshu Rai gbọ́ orin Khorshed, ó sì pè é wá sí Malad pé kó wá ṣe olórí ẹ̀ka orin ilé iṣẹ́ rẹ̀. Khorshed gbà. Manek, àbúrò rẹ̀, tẹ̀ lé e lọ láti ṣe òṣèré. Bí ìròyìn náà ṣe jáde ni ariwo ta. Lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn nígbà náà, obìnrin tó bá wọ fíìmù ti di aláìníyì. Àwọn Parsi kan fárígá, wọ́n wọ́de, wọ́n fẹ́ kí wọ́n dá fíìmù náà dúró, torí pé ọmọbìnrin ìran wọn kò gbọdọ̀ fara hàn níbẹ̀. Àwọn Parsi sì wà lára àwọn ọlọ́rọ̀ tó ń darí Bombay Talkies, ìyẹn ló mú ọ̀rọ̀ náà le sí i fún Himanshu Rai.

Ohun tó dùn mí nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé àwọn ọkùnrin Parsi ló dá àwọn ẹgbẹ́ eléré tí mo mẹ́nu kàn sílẹ̀. Ọmọ Parsi ni Ardeshir Irani tó ṣe fíìmù àkọ́kọ́ tó ń sọ̀rọ̀. Ìran wọn ti jẹun lórí eré fún ọ̀pọ̀ ọdún, ayọ̀ ni wọ́n fi ń sọ ọ́. Nígbà tó kan ọmọbìnrin méjì tó mọ iṣẹ́, iṣẹ́ yẹn náà wá di ẹ̀gbin.

Himanshu Rai kò lé wọn. Ó yí orúkọ wọn padà. Manek di Chandraprabha. Khorshed di Saraswati Devi, orúkọ òrìṣà ìmọ̀ àti orin lọ́dọ̀ àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù. Fíìmù jáde, èrò wò ó, orúkọ Khorshed kò sí níbẹ̀. Ẹ̀yin ará, ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ìdílé Homji wo ilé tiwọn, wọ́n fún ọmọ wọn lórúkọ tó yẹ ẹ́. Ìbẹ̀rù ọ̀rọ̀ ẹnu ayé ló bọ́ orúkọ náà lára rẹ̀, èyí tí ayé fi mọ̀ ọ́ títí ó fi kú ni èyí tí ilé iṣẹ́ fún un.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ orin náà fúnra rẹ̀. Ìtàn tí àwọn tó mọ̀ nípa Bombay Talkies ń sọ ni pé nígbà tí wọ́n ń ya Jawani Ki Hawa, ọ̀nà ọ̀fun ń dun Chandraprabha, kò sì lè kọ orin tó yẹ kó kọ. Iṣẹ́ kò gbọdọ̀ dúró. Saraswati Devi wá gba orin náà kọ, Chandraprabha dúró síwájú kámẹ́rà, ó ń la ẹnu, ó ń pa á dé, ó ń ṣe ojú bí ẹni tó ń kọ ọ́. Olùwòran rí àbúrò, ẹ̀gbọ́n ló ń gbọ́.

Ìran tiwa mọ ohun tí èyí jẹ́. Bí egúngún bá jáde, aṣọ la rí, ohùn la gbọ́. Ẹni tó wà lábẹ́ aṣọ, a kì í dárúkọ rẹ̀. Ní ti egúngún, ẹ̀sìn àti ọ̀wọ̀ ni ìdí tí a fi ń pa ẹnu mọ́. Nínú fíìmù, òwò ni. Àwọn tó ń tà á kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fura pé ojú àti ohùn ti pínyà.

Ní ọdún 1935 yìí kan náà, ní Calcutta, ilé iṣẹ́ New Theatres ṣe fíìmù kan tó ń jẹ́ Dhoop Chhaon. Nitin Bose ló darí rẹ̀, R. C. Boral ló ṣe orin rẹ̀. Níbẹ̀ ni wọ́n ti mọ̀ọ́mọ̀ gba orin sílẹ̀ ṣáájú, tí wọ́n wá ń lù ú jáde fún àwọn òṣèré láti máa la ẹnu sí i. Ìlú méjì tó jìnnà síra wọn ló bá ọ̀nà kan náà pàdé láàárín ọdún kan. Láti ìgbà náà ni òṣèré ti bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lọ́wọ́ orin, tí olórin náà ń bọ́ lọ́wọ́ kámẹ́rà. Àwọn onílù jáde kúrò lẹ́yìn igi. Ẹlẹ́wà lè ṣe eré, olóhùn lè kọrin, kálukú dúró síbi tí ọwọ́ rẹ̀ tó. Nǹkan ńlá ni iṣẹ́ yìí jèrè. Orúkọ olórin ni wọ́n fi san gbèsè rẹ̀.

(Ohùn dilruba fún ìṣẹ́jú díẹ̀.)

Kí ló ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn Jawani Ki Hawa? Ohun tí ìtàn fíìmù náà sọ, ayé fẹ́rẹ̀ẹ́ tún un ṣe. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ fíìmù mìíràn, Jeevan Naiya, Devika Rani bá Najmul Hussain sá lọ sí Calcutta. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ padà wá sọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀, àmọ́ Himanshu Rai kò gba Najmul Hussain mọ́. Wọ́n nílò ọkùnrin mìíràn kíákíá, wọ́n bá fa ọ̀dọ́mọkùnrin kan jáde láti yàrá tí wọ́n ti ń fọ fíìmù. Ashok Kumar lorúkọ rẹ̀. Kò wù ú láti ṣe òṣèré, kì í sì í ṣe olórin. Ó padà di ọ̀kan lára àwọn òṣèré tó lókìkí jù ní Íńdíà.

Níbí ni ẹ̀bùn Saraswati Devi ti hàn sí wa jù. Ó ní ìmọ̀ rágà tó jinlẹ̀, ó sì lè ṣe orin tí yóò mú ọ̀gá olórin làágùn. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó wo ohùn Ashok Kumar àti ti Devika Rani, ó rí i pé wọn kò lè gùn jìnnà, ó wá ṣe orin tí kò ní já wọn kulẹ̀. Ohùn díẹ̀, tó rọrùn, tó dúró lórí rágà tí etí àwọn ènìyàn ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, ohun èlò díẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Nínú Achhut Kannya, fíìmù ọdún 1936 tó dá lórí ìfẹ́ láàárín ọmọ Brahmin àti ọmọbìnrin tí wọ́n kà sí ẹni àìfọwọ́kàn, ó ṣe orin kan fún olólùfẹ́ méjì tó fi ara wọn wé ẹyẹ inú igbó. Ashok Kumar àti Devika Rani ló fi ohùn ara wọn kọ ọ́. Títí di òní ni àwọn ará Íńdíà mọ orin náà. Ọmọdé lè kọ ọ́. Ìyẹn gan-an ni iṣẹ́ ọwọ́ obìnrin yìí: ó fi ìmọ̀ ńlá ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni lè gbé délé.

Ẹ wo bí iṣẹ́ náà ṣe tọ́jọ́ tó. Kishore Kumar, àbúrò Ashok Kumar tí òun náà di ìlú mọ̀-ọ́n-ká olórin, mú orin kan tí Saraswati Devi ṣe fún Jeevan Naiya, ó tún un kọ nínú fíìmù Jhumroo ní 1961. Orin àwàdà kan tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọ nínú Jhoola, fíìmù ọdún 1941, tún padà jáde nínú Padosan ní 1968, inú àwọn ènìyàn dùn sí i gan-an, wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Àwọn tó gbọ́ ọ nígbà náà mọ Kishore Kumar bí ẹni mowó. Mélòó nínú wọn ló mọ Saraswati Devi? Ó wà láyé nígbà náà. Ọdún 1980 ló kú.

Ìbéèrè wa ṣì wà nílẹ̀: ta ló kọrin? Bombay Talkies kan náà ló tún gbé e dìde, lẹ́yìn ọdún 14. Himanshu Rai ti kú ní 1940. Àwọn ará Jámánì tó wà ní ilé iṣẹ́ náà, Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti kó wọn sí àtìmọ́lé nígbà tí ogun bẹ́ ní 1939. Ní 1949, lẹ́yìn tí Íńdíà ti gba òmìnira, ilé iṣẹ́ náà gbé Mahal jáde. Kamal Amrohi ló darí rẹ̀, Ashok Kumar ló ṣe olórí òṣèré. Josef Wirsching, tó ti padà sẹ́nu iṣẹ́, ló tún di kámẹ́rà mú bó ti ṣe nínú Jawani Ki Hawa.

Mahal náà kún fún àṣírí àti ikú. Ọkùnrin kan kó wọ ilé ńlá àtijọ́ kan, ó ń gbọ́ ohùn obìnrin tó ń kọrin lóru. Bó bá tọ ohùn náà lọ, obìnrin á pòórá. Ọkùnrin náà gbà pé òkú ló ń pe òun. Ẹ rántí wàhálà àkọ́kọ́ tí mo sọ, pé orin ń dá ìtàn ìpànìyàn dúró. Nínú Mahal, Khemchand Prakash, ẹni tó ṣe orin náà, borí rẹ̀ pátápátá. Orin gan-an ni ohun ìfura. Ohùn náà ni ọkùnrin yìí ń lé, ohùn náà ni olùwòran ń fẹ́ mọ ìdí rẹ̀. Bí wọ́n bá yọ orin kúrò, kò sí ìtàn mọ́. Kí ohùn náà lè dún bí ohun tó ń ti òkèèrè bọ̀, olórin dúró jìnnà sí máìkì, ó ń rìn sún mọ́ ọn bó ṣe ń kọ ọ́.

Ojú tí olùwòran rí ni ti Madhubala, òṣèré tó rẹwà. Ta ló ni ohùn? Nígbà tí àwo orin náà jáde, orúkọ tí wọ́n tẹ̀ sára rẹ̀ ni Kamini. Kamini kì í ṣe ènìyàn kankan. Orúkọ obìnrin inú fíìmù ni. Rédíò lu àwo náà, orin náà sì wọ àwọn olùgbọ́ lára. Lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í dé sí ilé iṣẹ́ rédíò ilẹ̀ Íńdíà: ẹ jọ̀ọ́, ta ni obìnrin yìí? Àwọn òṣìṣẹ́ rédíò kò mọ̀. Wọ́n ní láti lọ béèrè lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tó tẹ àwo. Ìgbà tí wọ́n rí orúkọ náà ni wọ́n kéde rẹ̀ lórí afẹ́fẹ́: Lata Mangeshkar. Ọmọ ogún ọdún ni nígbà náà. Ohùn rẹ̀ ni gbogbo Íńdíà ń gbọ́ láti ìgbà yẹn títí ó fi kú ní 2022. Khemchand Prakash kò pé ọdún kan sí i tó fi kú, kò rí bí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe lọ jìnnà tó.

Ẹ jẹ́ ká kíyè sí ẹni tó tú àṣírí náà. Kì í ṣe ọlọ́pàá, kì í ṣe ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, kì í sì í ṣe àwọn tó ń fi fíìmù pawó. Àwọn olùgbọ́ rédíò ni, àwọn tó mú bírò àti ìwé. Wọn kò gbà kí orin tó wọ̀ wọ́n lọ́kàn tó bẹ́ẹ̀ máa jẹ́ orúkọ ẹni tí kò sí.

Láti ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ ọ̀rọ̀ náà ti ń le. Ètò àmì ẹ̀yẹ Filmfare bẹ̀rẹ̀ ní 1954. Wọ́n ń fún olùdarí, wọ́n ń fún òṣèré, wọ́n ń fún ẹni tó ṣe orin, kò sí ti ẹni tó kọ ọ́. Nígbà tí wọ́n ní kí Lata wá kọrin níbi ayẹyẹ náà, ó kọ̀ jálẹ̀: ibi tí kò sí ẹ̀yẹ fún olórin, kò ní kọrin níbẹ̀. Ní 1959, wọ́n dá àmì ẹ̀yẹ sílẹ̀ fún olórin inú fíìmù. Lata fúnra rẹ̀ ni ẹni àkọ́kọ́ tó gbà á, fún orin kan nínú fíìmù Madhumati. Láti 1935 tí ẹ̀gbọ́n ti gba orin kọ fún àbúrò rẹ̀, ọdún 24 nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá nílé. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin àgbà tó ń gbọ́ mi ti wo fíìmù Íńdíà rí nílé sinimá ní àwọn ìlú wa. A ò gbọ́ èdè wọn, a sì ń gbé orin wọn kiri lẹ́nu. Ojú òṣèré la mọ̀, a sì rò pé òun ló ń kọrin. A kò béèrè.

Devika Rani gba ẹ̀tọ́ rẹ̀. Nígbà tí ìjọba Íńdíà dá àmì ẹ̀yẹ Dadasaheb Phalke sílẹ̀ fún àwọn tó gbé fíìmù ilẹ̀ náà ga, òun ni wọ́n kọ́kọ́ fún. Ó tọ́ sí i. Saraswati Devi ṣì wà láyé lọ́jọ́ náà, ó tún wà láyé fún nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn rẹ̀, wọn kò fún un. Ó wà lára àwọn obìnrin àkọ́kọ́ tó ṣe orin fún fíìmù ní Íńdíà, ó kọ́ ẹni tí kò mọ orin bí wọ́n ṣe ń kọrin, ó yá àbúrò rẹ̀ ní ohùn, ó sì fara da ẹ̀gàn ìran rẹ̀ nítorí iṣẹ́ tó fẹ́.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún, ẹ̀yin olùgbọ́, kò ná yín lówó. Bí orin kan bá dùn mọ́ yín nínú fíìmù, ìbáà jẹ́ ti Íńdíà, ìbáà jẹ́ ti Yorùbá tiwa, ẹ béèrè ẹni tó ṣe é, ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, àti ẹni tó ni ohùn. Bí wọn kò bá kọ orúkọ wọn sí ìparí fíìmù, ẹ kọ lẹ́tà sí àwọn tó ṣe é. Àwa tó ń ṣiṣẹ́ nílé rédíò, bí a bá lu orin tán láì dárúkọ ẹni tó kọ ọ́, a ti jẹ gbèsè, ẹ pè wá kí ẹ sì fi dandan lé e pé ká san án. Ìtàn Mahal fi hàn pé ilé iṣẹ́ rédíò á lọ wá orúkọ náà bí olùgbọ́ bá béèrè. Obìnrin tó ṣe orin Jawani Ki Hawa ni Khorshed Minocher-Homji, ẹni tí wọ́n ń pè ní Saraswati Devi. Ẹ bá mi sọ ọ́ fún ẹlòmíràn.